Férémù kẹ̀kẹ́ àfọwọ́ṣe: irin tàbí alumíníọ̀mù?

Mo ti ní méjèèjì. Ẹsẹ̀ mi gùn, òkè ara mi kúrú, kò sí férémù ṣọ́ọ̀bù kankan ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá mi mu, ni mo fi ní kí wọ́n wọn ara mi kí wọ́n ṣe é.

Ní ti wíwọn ara, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìwúwo: alumíníọ̀mù fúyẹ́ jù. Ìpẹtà: irin ló ń fẹ́ ìtọ́jú, ẹ máa fi òróró sí inú páìpù rẹ̀.

Àtúnṣe ni ọ̀rọ̀ wà.

Alumíníọ̀mù ni mo kọ́kọ́ ṣe. Lọ́dún kẹrin, mo ń nù ún ni mo rí ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, nítòsí pẹ́dàlì. Mo rò pé ọ̀dà ló là. Férémù ló sán. Alumíníọ̀mù kì í gbàgbé kòtò: gbogbo gbígbọ̀n, bó ti wù kó kéré tó, ló ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Wẹ́dà mẹ́ta ni mo gbé e tọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹnì kẹta ló là mí lóye: bí iná bá kan irú alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6061, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á rọ̀. Kó tó le padà, odidi férémù ni wọ́n máa kó sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 530°C, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á tún yan án fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó sì lè wọ́ lójú omi. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti férémù tuntun.

Irin ni mo wá ṣe, páìpù ilé-iṣẹ́ Reynolds láti Birmingham, idẹ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní nǹkan bí 900°C tí idẹ ń yọ́, irin kò tíì yọ́, torí náà ẹni tó mọ iná lò lè tú páìpù kan kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò gbá mi, páìpù òkè tẹ̀ wọnú. Ẹni tó ṣe é yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, ó kùn ún. Ọdún mẹ́fà rèé, mo ṣì ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà n'Íbàdàn ṣe fi idẹ so kẹ̀kẹ́ bàbá mi, tí wọ́n sì gùn ún lọ oko títí wọ́n fi dàgbà jù fún un.

Bí ẹ bá ń sá ìdíje, tí ẹ ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́dún méjì-méjì, alumíníọ̀mù yóò ṣe yín lóore. Bí kẹ̀kẹ́ tí ọmọ yín náà yóò gùn lẹ ń wá, irin ni. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára alumíníọ̀mù, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é ibi tó ti ń yan férémù rẹ̀ nínú ààrò, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá sán. Kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín.