Ẹ ṣọ́ra fún dílà tó ń ta ajá “tí òun gbà là”: abẹ́rẹ́ ló fi ń bo ara yíyún wọn mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ajá kékeré rà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé àwòrán ajá Lhasa sórí WhatsApp àti Facebook, tó ń sọ pé òun gbà wọ́n là ni. Ìtàn kan náà ló máa ń sọ: olówó ajá ti já pa lọ sí Canada, ó fi ajá sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ò fún un lóúnjẹ, àánú wá ṣe òun, òun lọ gbé e. Kò ní pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń ta ajá o. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Owó ìtọ́jú tí mo ti ná lé e lórí nìkan ni kí ẹ dá padà fún mi.” Owó ìtọ́jú yẹn, ₦90,000 ni.

Àbúrò ìyàwó mi ló kó sí i lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi náà ni mo sì ń bá ọkùnrin yìí fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo ń kọ.

Ìdí tí ìtàn rẹ̀ fi ń mú èèyàn ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Látìgbà tí já-pa ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn, ajá tí wọ́n ń fi sílẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àwọn tó ń gbà wọ́n tọ́ láìgba kọ́bọ̀ sì wà, kí Ọlọ́run bá wa bù kún wọn. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni gbájúẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Tí ajá bá rù, tí irun rẹ̀ ń já, á ní ìyà tó ti jẹ ẹ́ ni. Àléébù tí ẹni tó ń tajá lásán kò ní rí àlàyé ṣe fún, òun ní àlàyé tó ń pani lẹ́kún.

Iwájú ilé epo kan ní Challenge ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n ti wẹ ajá náà mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán pọ́dà, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Kò họra rárá. Àbúrò wa rí i pé irun ti pá ní ṣóńṣó etí méjèèjì, ó béèrè, ọkùnrin náà ní okùn tí wọ́n fi dè é níbi tó ti wá ló bó o. Okùn ọrùn ló wá bó etí! Ṣùgbọ́n ajá ti gbé orí lé e léjìká nígbà yẹn, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí.

Omi la kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nílé. Ajá kékeré tí kò tó àpò gàrí kékeré, á la abọ́ omi gbẹ, á tún dúró tì í, á máa wojú wa. Gbogbo ilé ló ń tọ̀ sí. Oúnjẹ ńkọ́? Bí ẹ gbé odindi ìkòkò kalẹ̀, kò ní kù. A ní ebi ọjọ́ pípẹ́ ni, ọkùnrin náà pàápàá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí a jẹ́ kó jẹun dáadáa, pé ojú ẹ̀ ti rí màbo. Kò pẹ́ sígbà náà ni họra-họra bẹ̀rẹ̀. Lóru ló burú jù. Irin tó wà lára kọ́là rẹ̀ á máa dún ṣakala ṣakala títí ilẹ̀ á fi mọ́, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, tó ń fi eyín gé ìgúnpá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èépá ti bo etí, abẹ́ ikùn ti pọ́n.

A pe ọkùnrin náà. Ẹ wá gbọ́ èsì: “Àǹtí mi, kí lẹ fún un jẹ? Ṣé ẹ ò fún un ní jọ̀lọ́ọ̀fù ṣá?” Ó ní oúnjẹ wa ni kò bá a lára mu, pé kí a gbé e wá, òun á gún un lábẹ́rẹ́ kan, ₦10,000. Wọ́n gbé e lọ. Ó gún un. Ó máa fi di ọjọ́ kejì, ajá ti ń sùn fọnfọn. Gbogbo ilé ń yìn ín. Nígbà tí yóò tún ṣe díẹ̀, ara yíyún padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n tún gbé e wá.

Ibẹ̀ gan-an ni òwò rẹ̀ wà o. ₦90,000 yẹn, ìlẹ̀kùn lásán ni. Kí ajá máa họra, kí ẹ sì máa gbé e wá, lówó tó ń wọlé fún un ní tòótọ́.

Ìgbà tó béèrè abẹ́rẹ́ kejì ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo gbé ajá lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹranko. Dókítà kò sáré gún un ní nǹkan kan. Ó rin tíṣù funfun, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wá fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ẹ̀yìn ajá sí i lórí. Ó ní bí yọ̀rọ̀ bá wà, ìgbẹ́ rẹ̀ á já sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun dúdú, bí omi bá sì ti kàn án, á pupa, torí ẹ̀jẹ̀ ajá tó mu náà ló ń yà. Tíṣù tiwa kò pupa. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó láti dá yọ̀rọ̀ láre, nítorí àwọn ajá kan wà tí itọ́ yọ̀rọ̀ kì í bá lára mu, ìwọ̀nba tó bá gé wọn ti tó láti mú wọn họra fún ọjọ́ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìrù ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń họ. Etí àti ìgúnpá ni tiwa ń dojú kọ.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu. Ó ká ṣóńṣó etí ajá náà pọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rọra ra á. Kíá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Ó jáwọ́, ẹsẹ̀ dúró. Ó tún ra á, ẹsẹ̀ tún gbéra. Ó ní ajá tó bá ṣe báyìí, kúrúnà ajá ni òun kọ́kọ́ máa ń fura sí. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, Sarcoptes scabiei lorúkọ rẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń gbẹ́lẹ̀ sínú awọ ara láti yé ẹyin síbẹ̀, bí kòkòrò yìí àti ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe é bá ara ajá mu ló ń mú kí ara máa yún un bí iná.

Ó fi ojú abẹ fá etí àti ìgúnpá títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ yọ, ó gbé ohun tó fá sábẹ́ microscope. Kò rí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà tí wọn kì í rí kòkòrò yìí nínú ohun tí wọ́n fá pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń rí i lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àìrí i tan ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n tètè máa ń rí ni Demodex, kòkòrò mìíràn tó ń gbé nídìí irun, tí ọmọ ajá ti máa ń gbà lára ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń mu ọmú. Ìyẹn kì í ran èèyàn, kì í sì í sábà yún ajá tó báyìí. Òun náà kò sí níbẹ̀.

Ó wá kọjú sí àbúrò wa: “Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ara ò yún yín?” Àbúrò ká apá aṣọ sókè. Róró pupa kéékèèké ló wà níbi tí ajá máa ń gbórí lé. Ọmọ rẹ̀ náà ní i níkùn, ooru ni wọ́n sì ń pè é látọjọ́ yìí. Dókítà ní kúrúnà ajá máa ń ran èèyàn, àmọ́ kì í lè pẹ́ lára wa. Bí wọ́n bá ti wo ajá sàn, ti èèyàn náà sábà máa ń lọ.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ omi àti ìtọ̀, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń fún ajá yìí ní steroid?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Steroid ni wọ́n ń pe oògùn bíi dexamethasone, prednisolone àti àwọn ẹbí wọn, wọ́n sì lágbára láti pa ara yíyún lẹ́nu mọ́. Wọn kì í pa kòkòrò. Bí ara ajá ṣe ń bá kòkòrò jà ni wọ́n ń mú rọlẹ̀, tí kòkòrò á fi ráyè bí sí i lábẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́. Bó bá jẹ́ Demodex tàbí làpálàpá ló ń ṣe ajá, ńṣe ni wọ́n máa ń mú un gbilẹ̀. Ajá tó bá wà lórí wọn á máa mumi ní àmujù, á máa tọ̀, á máa jẹ bí ẹni tí kò yó rí. Dókítà náà ń lò wọ́n lóòótọ́, lẹ́yìn tó bá ti mọ ohun tó ń ṣe ajá. Ẹni tó bá gún un lọ́jọ́ tó fẹ́ tà á, ẹ̀yin ló ń gún.

Dókítà ní kí a pe ọkùnrin náà, a gbé fóònù sí gbangba. “Dókítà, ṣebí abẹ́rẹ́ àléájì lásán ni.” Kí lorúkọ rẹ̀? “Èyí tó wà nínú ìgò kékeré yẹn.” Ó pa fóònù. Kò gbé ìpè mi mọ́ látìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé àwòrán ajá síta.

Oògùn oníhóró tí wọ́n fi ìwọ̀n ara ajá díwọ̀n ni wọ́n fún un, wọ́n fi ti ajá kejì tó wà nílé kún un, wọ́n ní kí a fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tí wọ́n ń sùn lé. Irun ti ń hù padà.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó fún wa, ẹ wá wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ìdagun kan náà, bí ẹni tó jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìwé pélébé tí wọ́n máa ń ṣí lára ìgò àjẹsára lẹ̀ mọ́ ọn. Sítáǹbù wà, VET CLINIC nìkan ló kọ, kò lórúkọ dókítà, kò ní nọ́ńbà VCN, ìyẹn ti Veterinary Council of Nigeria. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àjẹsára dìgbòlugi: bí a bá fi ọjọ́ orí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ṣírò rẹ̀, ajá náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ tó ní àwọn gún un, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ajá ní ti dìgbòlugi. Obìnrin kan ní Bódìjà fi káàdì tirẹ̀ hàn mí, sítáǹbù yẹn náà ni, ajá tirẹ̀ náà ń họra.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ní ajá tí òun gbà là, ẹ ní kó pàdé yín ní ilé ìwòsàn tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, owó àyẹ̀wò á wá látọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá gba ajá là ní tòótọ́ á yọ̀ sí i. Ọkùnrin tiwa yìí, nígbà tí ìyá kan tí mo bá sọ̀rọ̀ béèrè bẹ́ẹ̀, ó ní ajá ti rí olówó lójijì. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tó gbà láàárín oṣù kan sẹ́yìn, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé omi síwájú ajá kí ẹ wò ó. Ẹ ṣí etí, ẹ wo ìgúnpá àti abẹ́ ikùn níbi tí irun ti fọ́nká.

Bí ara bá ti ń yún ajá yín, ẹ má gbọ́ ti aládùúgbò tó ní kí ẹ fi ọ́ìlì mọ́tò dúdú pa á. Ajá á lá a, á sì wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má da Sniper sí i o! Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó le, ló wà nínú rẹ̀, èyí tí NAFDAC torí ìpalára rẹ̀ fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019; ó ń pa ajá kékeré. Ivermectin màlúù tí wọ́n ń tà nínú ọjà, mílígíráàmù 10 ló sábà wà nínú mílílítà kan. Fún ajá tí kò wúwo, àṣìṣe díẹ̀ nínú síríǹjì ti pọ̀ jù, àwọn irú ajá kan bíi Collie sì wà tí kò gbọ́dọ̀ gbà á ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo kúrúnà rárá.

Ní ti òfin, ẹ lè fi ẹjọ́ oníjìbìtì sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tàbí ọlọ́pàá. Abala 495 nínú Criminal Code sọ̀rọ̀ nípa fífi ìyà jẹ ẹranko, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50 ló wà níbẹ̀. Náírà àádọ́ta o!

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dá ajá padà fún un. Kò ní fún yín lówó, á tún gún un, á tún tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ohun tí ẹ jọ kọ síra yín. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ṣeé ṣe kó ti gba steroid kó tó fún un ní ohunkóhun, ẹ má sì ṣe gbàgbé láti wo ara àwọn ọmọdé tó ń gbé e.