Ilé ìtumọ̀ kan ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́: wọ́n mọ fọ́ọ̀mù tú, àmọ́ ‘intuition’ há wọn lọ́fun

Ṣọ́ọ̀bù fótókópì ni lójú, ṣùgbọ́n títú fọ́ọ̀mù ìwádìí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ló ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH débẹ̀. Ojú ewé ni wọ́n fi ń ṣírò owó, ìdajì ni wọ́n ń gbà ṣáájú, fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́ta sì ń jáde láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, iṣẹ́ òòjọ́, iye ọmọ: kò sí àléébù níbẹ̀.

Ibi tí fọ́ọ̀mù ti bi àwọn agbẹ̀bí àtàwọn ọlọ́jà bóyá intuition, ìyẹn mímọ nǹkan láìrí ẹ̀rí, ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ ti dàrú. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ọ̀gá á wá tún un kà. Intuition di ìmọ̀lára, instinct di ìmọ̀lára, feeling náà di ìmọ̀lára. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá di ẹyọ kan tí a bi èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ooru, òtútù, ìrora, ìbànújẹ́ ni ti ìmọ̀lára. Kò sọ pé èèyàn mọ nǹkan láìrí ẹ̀rí. Kò sì sí atúmọ̀ èdè kan lórí tábìlì wọn, nílùú tí míṣọ́nnárì Thomas Jefferson Bowen wá ṣiṣẹ́ ní 1855, ẹni tí ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858!

Nígbà tí a dá a padà, ìfura ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, kò débẹ̀. Ewu ni ìfura máa ń ṣọ́, òun ni wọ́n fi ní ìfura loògùn àgbà. Ọlọ́jà tó kàn mọ̀ pé oníbàárà tó ń bọ̀ yìí máa rajà kò fura sí i rárá. Ojú inú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Látìn tí intuition ti wá, intueri, wíwo nǹkan ló túmọ̀ sí, nítorí náà ojú inú bá a tan. Àmọ́ ẹni tó bá fojú inú wo ilé, ilé tí kò tíì kọ́ ló ń yà sọ́kàn. Òye máa ń wá lẹ́yìn ìrònú. Ẹni tó bá sì ń méfò, òun gan-an mọ̀ pé òun lè ṣì í.

Yorùbá kì í sábà fi ọ̀rọ̀ orúkọ sọ nǹkan yìí. Gbólóhùn là ń lò: ọkàn mi sọ fún mi; ara mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Orúkọ fún orúkọ ni ṣọ́ọ̀bù náà ń wá kiri, ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ìgbà tí a ní kí wọ́n fi gbólóhùn kọ ọ́ ló tó gún: “Ǹjẹ́ ọkàn yín máa ń sọ nǹkan fún yín, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe mọ̀?” Ó gba ìlà méjì, àmọ́ ìyá tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Jagun kò ní bi yín pé kí lẹ̀ ń wí. Ẹ ṣàkíyèsí “yín” yẹn o. “Ṣé o máa ń” ni ẹ̀rọ kọ; àgbàlagbà tí ẹ bá bi báyìí lè má dá yín lóhùn dé ìbéèrè kejì.

Wọ́n tún ń ta ìtumọ̀ àyípadà, ìyẹn dídá Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má rà á. Ẹni tó tú u lákọ̀ọ́kọ́ náà ni wọ́n ń gbé e fún, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń kọ, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ wá ẹlòmíì tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìbéèrè náà fún èèyàn márùn-ún, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Bí méjì bá ń sọ ti àlá tàbí ti ìran, ẹ tún un kọ.

Àmì ohùn wọn dára lójú kọ̀ǹpútà, orí ìwé ló ti ń bàjẹ́. Ọ́ àti ọ̀ kò ní àmì àdáni nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣe ni fọ́ǹtì ń so ó pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n so á ti àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, “ọ̀kan” á sì fẹ́ jọ “ọkàn”. Ẹ ní kí wọ́n lo fọ́ǹtì Charis SIL tàbí Gentium, kí wọ́n sì sọ ọ́ di PDF kó tó dé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ tẹ ojú ewé kan péré, kí ẹ kà á dópin, kí ẹ tó san ìdajì tó kù.