Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ wẹ́dà tí wọ́n ṣe sí abẹ́ Peugeot 504 bàbá mi

Ilẹ̀kùn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti kọjá ti ọ̀dà. Fọgánáísà fi jáàkì gbé e sókè kó lè yọ táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kí n mú báàgì mi, ó há pinpin. Bó ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Mo ní kó tún gbé e sókè. Ó tún há. Àyà mi já.

Peugeot 504 GR ni, ti ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní 1975. Bàbá mi ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ń gbé wa lọ sílé ìwé, òun náà ni wọ́n fi gbé ìyá wa lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wa. Àgbádárìgì ni ilé wa wà, atẹ́gùn òkun tó kún fún iyọ̀ sì ń fẹ́ sí i lára tọ̀sán-tòru fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ìpẹtà burú lára irú ọkọ̀ yìí ju lára lọ́rì lọ. Lọ́rì ní ṣáàsì lábẹ́. Bí bọ́dì rẹ̀ bá jẹrà, ṣáàsì ṣì lè gbẹ́rù. Pijó 504 saloon kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí àpótí, tí wọ́n sì jó mọ́ra wọn, ni egungun rẹ̀: ilẹ̀ ọkọ̀, àwọn òpó ilẹ̀kùn, òrùlé, àti irin gígùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá lápá méjèèjì. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ṣófo nínú. Omi á wọ ibẹ̀, ẹrẹ̀ á dí ihò kékeré tó yẹ kí omi gbà jáde, irin á wá máa jẹrà láti inú. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí ọ̀dà tó wú níta, inú ti lọ tipẹ́.

Ọdún méjì ṣáájú ni mo ti kọ́kọ́ gbé e fún panẹ́ẹ̀lì-bítà kan nítòsí ilé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣe é, ó ń dán gbinrin, inú mi sì dùn. N kò mọ̀ pé ìbòjú lásán ni. Ìgbà tí wọ́n tú u ni mo tó rí ohun tó wà níbẹ̀: ìwé ìròyìn tí wọ́n ká bọ inú ihò, nẹ́ẹ̀tì wáyà lórí rẹ̀, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara bọ́dì, tó nípọn tó ìka méjì, àti páànù kan tí wọ́n jó bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Omi ha sí àárín páànù yẹn àti irin àtijọ́. Ohun tí ì bá jẹrà díẹ̀díẹ̀ wá yára jẹrà. Ó dùn mí gan-an, torí owó tí mo san níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹnì kan tó ń gun Pijó àtijọ́ bíi tèmi ló júwe ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún mi, ní apá Múṣin. Ọ̀gá ibẹ̀ kò tilẹ̀ wo ọ̀dà. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sukurudẹ́rẹ́fà àti hámà kékeré, wọ́n sì ń kàn án ní kọ̀ọ̀kan. Irin tó dára ń dún kerere, èyí tó ti jẹrà ń dún bọ̀ọ̀. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, wọ́n á fi sukurudẹ́rẹ́fà tì í. Bó bá wọlé, wọ́n á fi ẹfun sàmì sí i. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó jáde.

“Àǹtí, ẹ má bínú o,” ni wọ́n wí. “Apá ọ̀tún yìí, ọ̀dà ló kù níbẹ̀, kò sí irin mọ́.”

Irin abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún ti lọ, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀ náà ti lu, ibi tí jáàkì ẹ̀yìn ń gbé ti rọ̀. Èyí tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ ṣe ni ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú lápá òsì dúró lé. Pijó 504 gbé ìwúwo iwájú rẹ̀ lé orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì yẹn. Bí irin tó yí i ká bá ya, ṣọ́ọ̀kì lè yọrí sókè bí ẹ bá já sí kòtò. Wọ́n ní kí n má wà á lọ sílé. N kò wà á lọ.

Iye tí a jọ sọ ni ẹgbẹ̀ta àti ogún ẹgbẹ̀rún náírà (₦620,000), irin àti iṣẹ́ ọwọ́, láìka ọ̀dà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, owó náà sì di ₦705,000, torí ìgbà tí wọ́n gé irin ìta ni wọ́n rí i pé irin inú náà ti dípẹtà. Ti owó yẹn yé mi, wọ́n pè mí wá wò ó kí wọ́n tó fi kún un. Ti ọjọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, bí mi ò bá sì pè, wọn kì í pè.

Iṣẹ́ wọn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n tú orí bátìrì, wọ́n yọ wáyà ọ́tánétọ̀, wọ́n sọ táǹkì epo kalẹ̀, wọ́n gbé e jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kó àga àti kápẹ́ẹ̀tì jáde. Garawa iyanrìn méjì wà nítòsí pẹ̀lú ohun ìpaná. N kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ lé ìdúró mẹ́rin, wọ́n wọ̀n ọ́n kó dọ́gba, wọ́n wá jó páìpù onígun mẹ́rin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, láti òpó kan dé èkejì. Wọn kò yọ ilẹ̀kùn kúrò. Òun ni wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì, láti mọ̀ bóyá nǹkan ti yẹ̀. Wọ́n fa tépù láti igun dé igun, wọ́n kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Ọ̀gá ní bí èèyàn bá gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn láìkọ́kọ́ dì í báyìí, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, irin tuntun á sì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ṣe apá méjèèjì pọ̀.

Wọ́n gé e títí wọ́n fi kan irin funfun tí kò dípẹtà. Mo rò pé wọ́n máa dúró níbi tí ihò parí sí, àmọ́ wọ́n kọjá ibẹ̀ dáadáa. A jọ lọ ra ṣíìtì ní Òwódé Onírin: gééjì 18, tó nípọn tó mílímítà 1.2, fún inú. Gééjì 20 fún ìta. A ti wá ògbólógbòó irin Pijó kiri, èyí tí a rí náà ti dípẹtà níbì kan náà. Wọ́n bá fọwọ́ ká tiwọn.

Ẹ̀rọ CO2, èyí tó ń fi iná mànàmáná jó irin, ni wọ́n fi jó o, kì í ṣe iná gáàsì. Gáàsì máa ń mú ibi tó fẹ̀ gbóná, ṣíìtì tínrín á sì ká kò. Ibi tí wọ́n ti jó o ní tótòtó (ojú kan níhìn-ín, ojú kan lọ́hùn-ún) láti ilé iṣẹ́, wọ́n lu ihò mílímítà 8 sí irin tuntun, wọ́n sì jó ihò náà dí. Ibi tó gùn, ìwọ̀n ínǹṣì kan níhìn-ín, wọ́n á sún lọ síbòmíràn, wọ́n á fọwọ́ bà á bóyá ó ti tutù. Ọmọ iṣẹ́ kan sáré jó o gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí irin wọ́. Ọ̀gá kò pariwo. Wọ́n ní kó gé e kúrò, wọ́n sì ní kó tún un ṣe níṣojú mi. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

Ohun méjì ni mo bá wọn jà lé lórí. Wọ́n fẹ́ da kọ́ńdẹ̀mù ọ́ìlì sínú irin tó ṣófo náà kó má baà dípẹtà mọ́. Mo kọ̀, torí ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò tán ti ní ásíìdì nínú, àti pé ẹni tó bá tún fẹ́ jó nǹkan níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á dáná ran ara rẹ̀. Mo lọ ra ìda olómi tí wọ́n ń fọ́n sínú ihò irin, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi fọ́n ọn. Èkejì, ọ̀dà rẹ́ẹ̀dì óṣáídì àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojú ìjó ti dí ihò omi mẹ́ta. Mo da omi sí i, kò jáde. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì lu ú padà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ èmi ni mo máa rí i. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín lọ, ẹ gbé omi dání.

Ó ti pé oṣù méje báyìí, òjò ọdún kan sì ti rọ̀ lé e lórí. Jáàkì gbé e láàárọ̀ àná, mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tì wọ́n, ìkankan kò há. Táyà iwájú kò jẹ lápá kan mọ́. Àlàfo òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ṣì fẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ, mo sì ń gbọ́ atẹ́gùn níbẹ̀ bí mo bá sáré. Wọ́n ti ní kí n gbé e wá kí wọ́n tún un wò.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á dípò kí n ná owó tó tó bẹ́ẹ̀ lé e. Iye tí wọ́n máa rà á kò lè tó iye tí mo ná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé ìyá mi láti Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n sì sùn lọ kí a tó dé Àgbárá. Bí àsìkò òjò bá parí, mo máa gbé e padà lọ fún irin abẹ́ ilẹ̀kùn apá òsì.