Mọ́tò Wo Ló Máa Wọ Àyè Yín? Ìfiwéra Ọkọ̀ Kékeré, Jíìpù àti Píkọ́ọ̀pù fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Mọ́tò ń sanra, ṣùgbọ́n ilà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí kò kúrò lójú kan. Volkswagen Golf tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1974 fẹ̀ ní 1.61 mítà. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí fẹ̀ ní 1.79, a ò sì tíì ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Toyota Corolla ti ọdún 1966 kò fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀; ti òde òní ti di 1.78. Nínú ìròyìn tí àjọ Transport & Environment gbé jáde lọ́dún 2024, ìpíndọ́gba ìbú ọkọ̀ tuntun ní Yúróòpù jẹ́ 177.8 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún 2018, ó sì ti wọ 180.3 ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2023. Sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n fi ń fẹ̀ sí i láàárín ọdún méjì-méjì. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyè ọkọ̀ kan ṣì jẹ́ 2.4 mítà ní ìbú àti 4.8 mítà ní òòró níbi tó pọ̀ jù. Australia ń lo ìbú 2.4 kan náà, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí òòró rẹ̀ dé 5.4. Amẹ́ríkà ló láwọ́ jù, níbi tí ìbú àyè kan sábà máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 8.5 sí 9.

Kì í ṣe fáàrí nìkan ló fa sísanra yìí. Láti ọdún 1997 tí Euro NCAP ti ń gbé èsì ìdánwò ààbò ọkọ̀ jáde fún aráyé, ilẹ̀kùn ti nípọn sí i, torí irin ìdáàbòbò àti àwọn nǹkan tó ń gba ìkọlù mọ́ra tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ oníná tẹ́ bátìrì rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò, ó sì ń fẹ́ àyè láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì. Àwọn ilé iṣẹ́ sì ti ń kọ́ ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìpìlẹ̀ kan náà, èyí tó kéré nínú wọn á wá jogún ìbú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má sì retí pé àwọn tó ni ibi ìgbọ́kọ̀sí máa tún ilà fà kíákíá: ògiri tó gùn ní mítà 48 ń gba ọkọ̀ 20 bí àyè kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 2.4, ṣùgbọ́n 18 péré ni yóò gbà bí wọ́n bá sọ ọ́ di 2.6. Owó ọkọ̀ méjì ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó ń rà ló gbọ́dọ̀ wọn nǹkan. Ọkọ̀ méje nìyí, a gbé wọn sínú àyè tó fẹ̀ ní mítà 2.4, tó sì gùn ní 4.8:

| Ọkọ̀ | Ìbú ara ọkọ̀ | Òòró | Ohun tó kù ní ìbú | Ohun tó kù ní òòró |
|---|---|---|---|---|
| Kia Picanto | 1.60 m | 3.60 m | 80 cm | 120 cm |
| Toyota Yaris | 1.75 m | 3.94 m | 65 cm | 86 cm |
| Volkswagen Golf | 1.79 m | 4.28 m | 61 cm | 52 cm |
| Toyota RAV4 (ti 2019) | 1.86 m | 4.60 m | 54 cm | 20 cm |
| BMW X5 | 2.00 m | 4.92 m | 40 cm | ó yọ síta ní 12 cm |
| Range Rover (dígí kíká) | 2.05 m | 5.05 m | 35 cm | ó yọ síta ní 25 cm |
| Ford F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin | 2.03 m | 5.89 m | 37 cm | ó yọ síta ní 109 cm |

Ilẹ̀kùn ni ẹjọ́ wà

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín sí àárín gbùngbùn, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà gbé irú ọkọ̀ kan náà sí àárín tirẹ̀, iye tó wà lábẹ́ "ohun tó kù ní ìbú" gan-an ni àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Kì í ṣe ìlọ́po méjì rẹ̀ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń rà ti ń ṣìṣirò.

Ẹ mú ilẹ̀kùn iwájú tó gùn ní mítà 1.1. Nínú àlàfo 35 sẹ̀ǹtímítà, kò lè ṣí ju nǹkan bí dígírì 18 lọ kí etí rẹ̀ tó gbá ọkọ̀ kejì. Ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ nípọn. Bí ẹ bá yọ sẹ̀ǹtímítà 15 fún ìnípọn rẹ̀, ojú ihò tó kù fún ènìyàn láti gbà jáde kò ju 20 lọ. Ọmọdé lè yọ́ gba ibẹ̀. Àgbàlagbà tó gbé báàgì dání kò lè gba ibẹ̀. Nínú àlàfo 61 ti Golf, ilẹ̀kùn kan náà á ṣí tó dígírì 33, ènìyàn á sì jáde láì fa ikùn sínú. Tí aládùúgbò bá wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé orí ilà, ẹ mọ̀ pé Golf ṣì ní ohun tó lè pàdánù. Range Rover kò ní.

Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì máa ń tan ènìyàn jẹ níbí yìí. Suzuki Jimny fẹ̀ ní 1.645 mítà péré, ó dà bíi pé kò sí ibi tí kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì máa ń gùn ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn náà sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Jimny tún ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú táyà tó gbé pọ̀n, kì í ṣí sókè, torí náà ẹ má fi ìdí rẹ̀ gún ògiri.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ lọ sẹ́yìn. Toyota Sienna fẹ̀ tó mítà méjì, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti gbé ọmọ sórí àga ọmọdé nínú rẹ̀ ju inú jíìpù tó fẹ̀ bákan náà lọ, torí ilẹ̀kùn kò gba àyè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Honda N-Box ti Japan náà ní irú ilẹ̀kùn yìí, òun kò sì fẹ̀ ju 1.48 lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ti fi òpin sí ìbú ọkọ̀ kéékèèké wọn. Òòró wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju 3.40 lọ. Ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì nìkan ló ṣì máa ń ṣí síta.

Ìbú mẹ́ta ni mọ́tò kan ní

Ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ sábà máa ń gbé ìbú tó kéré jù síwájú, ìyẹn ara ọkọ̀ láìsí dígí. Ìbú kejì ni ti dígí kíká, ẹ̀kẹta sì ni ti dígí tó nà síta. Golf tó jẹ́ 1.79 á di 2.07 bí dígí rẹ̀ bá nà. X5 á ti 2.00 bọ́ sí 2.22, Range Rover á dé 2.21. Ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á; bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú tépù jáde.

Nínú ilà, ìbú ti dígí kíká ló kàn yín. Lẹ́nu géètì, ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì àti láàárín òpó méjì, ti dígí nínà ni, torí pé ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn lẹ nílò dígí jù. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje jẹ́ mítà 2.13. Golf á wọlé pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Range Rover gbọ́dọ̀ ká dígí kó tó wọlé, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin-mẹ́rin péré ni yóò sì kù. Bí ẹ bá bá a wọnú gáréèjì ọ̀hún tán, ẹ óò wá rí i pé kò sí bí ẹ ṣe máa jáde nínú ọkọ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ gáréèjì fi di ibi ìkẹ́rùsí, tí mọ́tò olówó ńlá wá ń sùn níta.

Òòró, àti bí ọkọ̀ ṣe ń yí

Ọkọ̀ tó gùn ju àyè rẹ̀ lọ kì í ṣe wàhálà onílé nìkan. Imú F-150 tó yọ síta ní mítà kan máa ń jẹ lára ojú ọ̀nà àárín tí àwọn yòókù ń gbà kọjá. Ọ̀nà yẹn sábà máa ń jẹ́ mítà mẹ́fà, ó wá di márùn-ún. Níbi tí ìdí ọkọ̀ bá dojú kọ ògiri, ẹ rántí búùtù: ìdérí ẹ̀yìn jíìpù ń fẹ́ tó mítà kan lẹ́yìn kó tó lè ṣí dáadáa, nítorí náà ẹ fi imú wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹrù. Láwọn ọjọ́ yòókù, ìdí ni kí ẹ fi wọlé. Táyà iwájú ló ń yí. Bí ẹ bá ń fi ìdí wọlé, ìdí á tọ àárín ilà tààrà, imú ni yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún níta níbi tí àyè wà.

Àyè tí ọkọ̀ ń gbà yí po ṣe pàtàkì ju òòró lọ níbi tó há. Volkswagen ID.3 gùn tó Golf, ṣùgbọ́n mítà 10.2 ló ń fi yí po nígbà tí Golf ń lo nǹkan bíi 10.9, torí pé ẹ́ńjìnnì kò dí táyà iwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Range Rover ti 2022 ń yí táyà ẹ̀yìn náà, ìyẹn ló jẹ́ kí òun tó tóbi tó báyìí lè yí po láàárín mítà 11. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ṣùgbọ́n yíyí táyà ẹ̀yìn kò sọ ọkọ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́. Ó kàn ń bá yín dé ẹnu ilà ni. Bákan náà ni kámẹ́rà tó ń fi gbogbo àyíká hàn. Kì í fi sẹ̀ǹtímítà kankan kún àlàfo ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tó ń ran ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ lóòótọ́. Hyundai àti àwọn mìíràn ní èyí tí ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ darí láti ìta kó lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀ ná, ọkọ̀ á wá dá wọlé. Kó tó jẹ́ èyí lẹ máa gbójú lé, ẹ ro ọjọ́ òjò.

Gíga àti ìwúwo

Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà sábà máa ń kọ 2.0 tàbí 2.1 mítà sẹ́nu ọ̀nà. Jíìpù tó ga ní 1.87 á kọjá, àmọ́ bí ẹ bá gbé kárià lé e lórí, ó lè má kọjá mọ́. Àwọn ilé ẹlẹ́rọ tó ń gbé mọ́tò sókè ní Japan le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ohun tó ga ju 1.55 lọ tàbí tó fẹ̀ ju 1.85. Yaris àti Golf á wọlé. RAV4 tó ga ní 1.69 á padà.

Ní ti ìwúwo, owó ló ń jẹ. Láti oṣù October ọdún 2024, Paris ti sọ owó ìgbọ́kọ̀sí àlejò di ìlọ́po mẹ́ta fún ọkọ̀ elépo tàbí alápàpọ̀ (tó ń lo epo àti iná) tó bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.6, àti ọkọ̀ oníná tó bá tó tọ́ọ̀nù méjì: yúrò 18 fún wákàtí kan ní àárín ìlú.

Bí a ṣe máa ń wọ̀n ọ́n

Ẹ wọn àyè yín láti etí inú ilà kan sí etí inú ìkejì, lẹ́ẹ̀mẹta: níwájú, láàárín, lẹ́yìn. Bí òpó bá wà, ibi tó há jù ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìbú àti òòró ọkọ̀ tó wù yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé páálí gígùn kan sí ibi tí ọkọ̀ aládùúgbò máa wà, kí ẹ sì dúró ní àlàfo náà pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé. Bí ẹni tó ń tà bá jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà wò, àyè yín ni kí ẹ wà á lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó máa ń bá yín jókòó nínú rẹ̀.

Bí àyè yín bá jẹ́ 2.4, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn sì wà lọ́tùn-ún àti lósì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ara ọkọ̀ má kọjá 1.80. RAV4 tó fẹ̀ ní 1.86 ti kọjá ààlà yẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ jókòó sókè bíi ti jíìpù lè mú Toyota Yaris Cross: 1.765 ní ìbú, 4.18 ní òòró, ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án tẹ́ẹ́rẹ́ ju RAV4 lọ, ó sì kúrú jù ú lọ ní 42. Ohun tó fẹ̀ tó mítà méjì sókè wà fún ẹni tó ní àyè tirẹ̀ tí ògiri kò há mọ́.

Tó bá jẹ́ àlòkù tó fẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ìka tọ etí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ìgun bọ́ńpà ẹ̀yìn àti etí rímù, kí ẹ sì ká dígí méjèèjì, kí ẹ nà wọ́n padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ká dígí ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọkọ̀ tó ti ń fi agídí wọ àyè tó há.