Ẹ̀tù róbótó tàbí ẹ̀tù onígi: èwo ni kí ẹni tó ń ki ọta ráífù fúnra rẹ̀ rà?

Gbogbo ẹni tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí ọta sáré, kí ó sì máa bà síbi kan náà. Ẹ̀tù tí ẹ bá rà ló máa pinnu èyí tó máa pọ̀ jù nínú méjèèjì. Orúkọ ẹ̀tù ni àwọn wọ̀nyí: W760 àti H380 jẹ́ róbótó, ìyẹn ni pé hóró wọn rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Varget, H4350 àti IMR 4064 jẹ́ onígi, hóró wọn rí bí igi wẹ́wẹ́.

Tó bá jẹ́ ti eré, róbótó kò ṣeé fojú di. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nitroglycerin (kẹ́míkà tó ń bú gbàmù) nínú, agbára wọn sì pọ̀. Bíbù rẹ̀ náà rọrùn: ó ń ṣàn bí iyanrìn gbígbẹ nínú ẹ̀rọ ìbùwọ̀n. Onígi máa ń há. Ẹ ó gbọ́ tí irin ẹ̀rọ gé e kẹ̀rẹ́, kòròfo ọta kan á gba díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gba àgbàkún. Ẹ bù ú kí ó ku díẹ̀ kó pé, kí ẹ fi ọwọ́ ro ìyókù sórí òṣùwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba àkókò, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ooru ni kí ẹ bi ẹ̀tù léèrè kí ẹ tó sanwó. Ọta tí ẹ kì tí ẹ sì dánwò ní òwúrọ̀ tútù kì í ṣe ọta kan náà mọ́ tó bá ti jókòó sínú oòrùn, tàbí tó pẹ́ nínú ìbọn tó ti gbóná. Bí ẹ̀tù kò bá fara da ooru, ìfúnpá á ga, eré á sì yí padà. Láàárín òtútù àti oòrùn gangan, ìyàtọ̀ náà lè ju ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní yáàdì 100, ẹ ò ní rí i lára páálí. Ní yáàdì 1000, ó lè fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan gbé ọta sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ìwọ̀n ẹ̀tù tó wà létí òpin ní òwúrọ̀ lè kọjá òpin lọ́sàn-án: bóòtù (irin tó ń ti ọta mọ́nú ìbọn) á le láti gbé, práímà (ohun kékeré nídìí kòròfo tó ń dáná sí ẹ̀tù) á tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì á hàn nídìí kòròfo. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ dáwọ́ ìbọn yíyìn dúró. Varget àti H4350 wà lára àwọn tí wọ́n ṣe nítorí èyí gan-an.

Ìrísí nìkan kò tó o: StaBall 6.5 róbótó, síbẹ̀ wọ́n ṣe é kó fara da ooru. Ọ̀wọ́ ẹ̀tù N500 ti ilé iṣẹ́ Vihtavuori jẹ́ onígi, nitroglycerin sì wà nínú rẹ̀.

Èéfín dúdú: róbótó sábà máa ń fi púpọ̀ sílẹ̀. Òtútù: ó máa ń ṣòro fún róbótó láti gbiná, ìwé ìtọ́nisọ́nà mìíràn á ní kí ẹ lo práímà mágínọ́ọ̀mù, èyí tí iná rẹ̀ le jù. Kíkún: onígi máa ń kún kòròfo dáadáa.

Ẹni tó ń ki ọta púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í yìn kọjá yáàdì 200, róbótó yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń yìn jìnnà, onígi ni kó rà, kó sì gbà pé eré tó dín díẹ̀ tí kì í yà sàn ju eré ńlá tó ń yí padà.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà kọ, ẹ má ki kọjá òpin rẹ̀, ẹ má sì po ẹ̀tù méjì pọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ẹ̀tù tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) tó wà lára ike: tó bá yí padà, ẹ dín ìwọ̀n ẹ̀tù yín kù, kí ẹ dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀.