Rubber: Táyà Apànìyàn Tó Lóun Ò Nídìí

Táyà ni apànìyàn inú fíìmù yìí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí táyà ń gbé rìn, kì í sì í ṣe awakọ̀ tí orí rẹ̀ dàrú. Táyà ògbólógbòó kan ni, tí kò ní rìmù nínú, tí wọ́n jù sínú aṣálẹ̀ California, tó ṣàdédé jí nínú iyanrìn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. Robert lorúkọ rẹ̀. Tó bá ti dúró síwájú nǹkan, tó gbọ̀n rìrì, nǹkan ọ̀hún á bẹ́ gbàù, ìbáà jẹ́ ìgò, ìbáà jẹ́ ẹyẹ, ìbáà jẹ́ orí ọmọ èèyàn.

Quentin Dupieux, ará ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́. Òun náà ló darí rẹ̀, òun ló yà á, òun ló sì tún gé e pọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ orin ijó tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ ọ́n sí Mr. Oizo. Ọdún 2010 ni fíìmù náà jáde, níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi hàn, ní ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Critics' Week. Ìṣẹ́jú 82 ni gígùn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn débi pé èèyàn á fẹ́ padà wò ó, àárín rẹ̀ ń falẹ̀, ìparí rẹ̀ sì tún gbéra sọ.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n to àwọn àga sójú ọ̀nà eruku kan, wọn ò sọ ohun tí àga ń ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ kan ń bọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, kó má bàa sí èyí tó máa yè nínú wọn. Ó wó wọn tán, ó dúró. Búùtù rẹ̀ ṣí, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Lieutenant Chad sì jáde látinú rẹ̀, ó kọjú sí wa, ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní nínú gbogbo fíìmù ńlá, àwọn nǹkan kan máa ń ṣẹlẹ̀ tí kò nídìí rárá. Kí ló dé tí ẹ̀dá àjèjì inú fíìmù E.T. fi ní àwọ̀ ilẹ̀? Kò nídìí. Fíìmù tí a fẹ́ wò yìí, ó ní, ìyìn ni fún àìnídìí. Ó da omi inú ife ọwọ́ rẹ̀ nù, ó padà sínú búùtù, ọkọ̀ gbé e lọ.

Àwọn àgbà ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rọ̀ Chad yìí ta ko òwe náà gbangba, ó sì rọrùn kí òǹwòran gbà á gbọ́, kó jókòó tẹ́rín-tẹ́rín kó má sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ táyà náà fúnra rẹ̀ ná. Ọkọ̀ kan gbá a dà nù lójú títì. Ilé epo ló ti lọ bá awakọ̀ ọ̀hún, orí awakọ̀ sì fọ́ níbẹ̀. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní mótẹ́ẹ̀lì bá a nínú ilé ìwẹ̀, ó jù ú síta bí ẹní ju pàǹtírí. Táyà padà wọlé wá bá a. Nígbà tó yá, ó yí dé ibi tí wọ́n ti ń dáná sun òkìtì àwọn táyà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó. Lẹ́yìn èyí ni ìpànìyàn gba gbogbo ìlú. Àbí ìdí wo lèèyàn tún ń wá? Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tó ń gbẹ̀san ni Robert, ìgbẹ̀san rẹ̀ sì bá ìlànà mu ju ti ọ̀pọ̀ apànìyàn inú fíìmù ẹ̀rù lọ. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ni. Ibi tí fíìmù yìí ti ń pa irọ́ yẹn dáadáa ló ti dùn, ibi tó ti gbàgbé pé irọ́ ni ló ti rẹ̀ wá.

Ibi tó dára jù lọ ni ìgbà tí táyà ń kọ́ ìrìn àti ìpànìyàn. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀, kò sì sí ojú tàbí ẹnu lára òṣèré. Ó gbé ara rẹ̀ sókè láti inú iyanrìn, ó yí díẹ̀, ó ṣubú. Ó tún dìde. Ó bá ike omi pàdé, ó gùn ún, ike wó pẹlẹbẹ. Ó bá àkekèé pàdé, ó gùn ún, àkekèé kú. Ó wá kan ìgò onígíláàsì. Ó gùn ún, ìgò kàn yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni. Ó fà sẹ́yìn. Ó dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ro nǹkan. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn kíkùn kan ń ga bọ̀ lábẹ́lẹ̀, ìgò sì fọ́ yángá. Láti orí ìgò ló ti kan ehoro, ó kan ẹyẹ, ó kan èèyàn. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé ohun tó bá ṣeé tẹ̀ pa, ó kọ́kọ́ ń fi ara tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ara kò bá ká a ló ń lo agbára ìkọ̀kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó ṣe é, ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ohun náà, ó sì ń gba àkókò. Òfin mẹ́ta yìí ló ń dá ẹ̀rù sílẹ̀: nígbà tí Robert bá dúró síwájú ẹnì kan tó ń sọ̀sọkúsọ lọ, àwa mọ ohun tó ń bọ̀, ẹni náà ò mọ̀. Bí táyà bá lè pa èèyàn níbikíbi, nígbàkigbà, láìdúró, ẹ̀rù ò ní sí, ẹ̀rín gan-an ò ní sí.

Ìdí tí ìrìn rẹ̀ fi jọ ti ẹ̀dá alààyè kò ju bí táyà ṣe ń yí lọ. Táyà tó ń sáré kì í yára ṣubú: tó bá tẹ̀ sí apá kan, yíyí rẹ̀ á mú kó yà sí apá náà, yíyà ọ̀hún ló sì ń gbé e dìde. Tó bá ń rọra lọ, agbára yẹn á tán, á máa mì lọ mì bọ̀, á sì sùn gbàlàjà. Táyà tí kò ní rìmù tún burú jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀. Fíìmù yìí kò fi ìyẹn pa mọ́. Ó jẹ́ kí Robert mì, kó ṣubú, kó tún gbìyànjú, òǹwòran sì ń ka mímì yẹn sí iyèméjì, ó ń ka ìdúró sí ìrònú. Ká ní wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya táyà kan tó ń yí gbọọrọ láìmì, àánú rẹ̀ kò ní ṣe ẹnikẹ́ni. Wíwúwo rẹ̀ náà ń hàn: tó bá kọlu ilẹ̀, eruku ń sọ, tó bá gun òkè, ó ń falẹ̀.

Kámẹ́rà tí wọ́n lò, Canon EOS 5D Mark II, kámẹ́rà fọ́tò ni. Tí a bá yọ lẹ́ǹsì kúrò, gíráàmù 810 ni, kò tó kílò kan. Ó ṣe pàtàkì, torí ẹni tó fẹ́ ya táyà gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀: gíga táyà kò dé ìbàdí àgbàlagbà, bí kámẹ́rà bá sì ti wà lókè, nǹkan tí wọ́n gbàgbé sójú ọ̀nà ni táyà á dà. Nígbà tí lẹ́ǹsì bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì gíga rẹ̀ ló ń di èèyàn. Ojú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà náà, ibi tó ń gba àwòrán sí, fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24, ó tóbi ju ojú fíìmù sinimá mìlímítà 35 lọ, nítorí náà ohun tó wà níwájú ń hàn kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rí bàìbàì. Ẹ wò ó bí òkè àti ìgbẹ́ aṣálẹ̀ ṣe ń yọ́ lẹ́yìn Robert. Yíyọ́ yẹn ló dá a yọ sọ́tọ̀ bí òṣèré ńlá. Àléébù irú kámẹ́rà yẹn ni pé òkè sísàlẹ̀ ló ń ka àwòrán, ìlà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tí wọ́n bá yára yí i sọ́tùn-ún sósì, òpó á tẹ̀, ògiri á wọ́. Táyà tó ń rọra yí lọ kò béèrè irú yíyára bẹ́ẹ̀, a ò sì rí àléébù náà lójú. Wọ́n yan irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ mu.

Orí tó ń bẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni pé wọ́n á mọ orí tó jọ ti òṣèré, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá àti ohun rírọ̀ kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì tàbí oògùn abúgbàù kékeré ni yóò sì tú u ká. Ewu rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti gé e: bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, òǹwòran á rí i pé orí ọ̀hún kò mí, kò sì ṣẹ́jú. Dupieux ń gé e lásìkò. Àsìkò rẹ̀ kò burú, ọ̀nà tó ń gbà kò pọ̀ ló burú. Táyà gbọ̀n, ojú ẹni náà, gbàù. Táyà gbọ̀n, ojú ẹni náà, gbàù. Tí ẹ bá rí ìkẹta, ẹ ti rí gbogbo rẹ̀, fíìmù sì ṣì ń lọ. Ohun tó ń gbà á là ni ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ kú: ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rò lọ́wọ́, gbólóhùn wọn kò sì ní parí.

Ó ku ẹgbẹ́ òǹwòran. Nínú fíìmù náà gan-an, àwọn èèyàn kan dúró nínú aṣálẹ̀, akáǹtáǹtì kan pín awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún wọn, ohun tí táyà ń ṣe ni wọ́n ń wò lókèèrè. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bá ara wọn wí pé kí ẹnu dákẹ́, wọ́n sùn síbẹ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n, akáǹtáǹtì gbé tolótoló kan wá. Ẹran náà lóró nínú. Ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí Wings Hauser ṣe, kò bá wọn jẹ ẹ́, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù. Òun ló sọ gbogbo nǹkan di wàhálà: Chad ti ń sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó kù pé eré ti parí, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n yìnbọn lu òun kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Wọ́n yìn ín, kò kú. Ni wọ́n bá wá sọ fún un pé ẹnì kan ṣì ń wò. Eré ò lè tán.

Ibi tí wọ́n ti yìnbọn lu Chad yẹn nìkan tó ohun téèyàn ń jókòó dúró dè. Stephen Spinella, tó gba àmì ẹ̀yẹ Tony lọ́dún 1993 àti 1994 fún eré orí ìtàgé, ló ń ṣe Chad, láìrẹ́rìn-ín músẹ́ rárá, bí ọ̀gá tó fẹ́ tètè tilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ gùn jù. Ebi, awò, àríyànjiyàn, tolótoló: ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé òǹwòran ń fẹ́ ìwà ipá, ó sì ń ráhùn nípa rẹ̀. A ti gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn aláwò wọ̀nyí, táyà dá dúró, ẹ̀rù tó ti ń kó jọ sì ń túká, torí wọ́n ti rán wa létí pé eré ni. Àwọn aláwò náà kò sì ní òfin kankan bíi ti Robert. Ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn kò fi dun wá. Tí wọ́n bá gé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò níbẹ̀, fíìmù á yá jù báyìí lọ.

Bí a bá fi wé Christine ti ọdún 1983, níbi tí ọkọ̀ ti ń pànìyàn, àti Slaxx ti ọdún 2020, níbi tí ṣòkòtò jíǹsì ti ń pànìyàn, ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn. Ọkọ̀ Christine ń jowú ẹni tó ni ín. Jíǹsì inú Slaxx ń gbẹ̀san ọmọ kékeré tó kú nídìí òwú, fíìmù náà sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, bóyá ó tilẹ̀ ṣàlàyé jù. Robert kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ ó fúnra yín so ìdí pọ̀ láti ara ohun tó rí àti ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ìparí rẹ̀ tún gbà á padà. Àwọn ọlọ́pàá dẹ pańpẹ́: wọ́n wọ bèbí oníke láṣọ bíi Sheila, ọmọbìnrin tí táyà ń tẹ̀ lé kiri, tí Roxane Mesquida ṣe, wọ́n so ohun abúgbàù mọ́ ọn lára, Sheila sì ń ka ọ̀rọ̀ bíi pé bèbí náà ló ń sọ ọ́. Orí bèbí fọ́ lóòótọ́, ohun abúgbàù kò bú, gbogbo wọn wá dúró síbẹ̀ tí wọn ò mọ èyí tó kàn. Ni ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ arọ bá yọjú, ó wá fẹjọ́ sùn pé ètò náà kò ní làákàyè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò ní bà á jẹ́ fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má fi sípíkà fóònù wò ó. Gaspard Augé àti Mr. Oizo ló ṣe orin rẹ̀, kíkùn tó ṣáájú ìbúgbàù kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí sípíkà kékeré kì í dé. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ, orí á kàn fọ́ ni, ẹ̀rù ò ní bà yín. Íápíìsì tó ń gbé béèsì jáde ti tó. Ẹni tí kò bá fara mọ́ kí wọ́n pa ẹranko nínú eré kó mọ̀ pé ehoro àti ẹyẹ kò yè níbẹ̀. Kì í ṣe fún ọmọdé: ìpele R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, nítorí ìwà ipá àti ọ̀rọ̀ ẹnu, bẹ́ẹ̀ àwòrán ara páálí rẹ̀, táyà nínú oòrùn, lè tan òbí jẹ pé eré ọmọdé ni.