Ká yá díféńdà ni, àbí ká rà á pátápátá?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo máa ń lọ ní Bàsírì, l'Ádó-Èkìtì. Bí díféńdà tí ẹgbẹ́ kan yá bá ti gbá bọ́ọ̀lù tó dáa ní ọjọ́ Sátidé, àwọn kan á ní kí wọ́n tètè rà á kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan á dá wọn lóhùn pé, "Ta ni í náwó sórí ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ lò ó, kí ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀."

Ọdún 2020 ni àríyànjiyàn náà gbóná jù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí Fulham, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, yá Joachim Andersen, díféńdà ọmọ Dẹ́ńmáàkì, lọ́wọ́ Lyon ti ilẹ̀ Faransé. Ọlá Àìná wà ní Fulham lọ́dún yẹn, Lookman wà níbẹ̀, Tósìn Adarabioyo náà wà níbẹ̀, ìyẹn la fi ń wò wọ́n. Ọmọ ilé ni wọ́n lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sílé lálẹ́ ni ọmọ Dẹ́ńmáàkì yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní tíìmù, tàbí tí ẹ ń dá owó jọ fún tíìmù àdúgbò l'Ádó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò tàbí níbòmíràn, tí ẹ sì fẹ́ mú díféńdà kún ẹ̀yìn yín kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Owó yín kò tó ti Fulham, ṣùgbọ́n ohun tó dun Fulham lè dun ẹ̀yin náà.

Yíyá

Owó rẹ̀ kéré, ọwọ́ sì tètè ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ náà kò bá ṣe é lò, ẹ ó dá a padà, kò sí ẹni tí yóò bá yín jà. Àǹfààní tó ní kò ju ìyẹn lọ, kò sì kéré.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ náà kì í ṣe tiyín. Òfin FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, kò jẹ́ kí yíyá agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti oṣù keje ọdún 2024 sì ni ẹgbẹ́ kan kò ti lè yá ju àgbà agbábọ́ọ̀lù 6 wọlé, kò sì lè yá ju 6 jáde. Ní Premier League, líìgì tó ga jù ní Ẹ́ńgílándì, ẹni tí a yá kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lòdì sí ẹgbẹ́ tó ni ín. Bí ọjọ́ yẹn bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù, ẹ̀yìn yín ṣófo nìyẹn.

Andersen ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Wọ́n yá a, síbẹ̀ òun ló ń fi ọ̀já balógun sí apá nígbà tí Tom Cairney, balógun wọn gan-an, kò sí. Àlejò tó dé lóṣù kẹwàá ló ń darí àwọn onílé! Àwọn kan ní Bàsírì ní àbùkù ni fún Fulham. Èmi kò gbà. Ẹni tó lè dé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, iye tó yẹ ká dá lé e sì ju ti ẹni tó kàn mọ bọ́ọ̀lù gbá lọ. Fulham parí sí ipò 18, wọ́n já sí ìpele kejì, Andersen padà sí Lyon. Crystal Palace, tí àwọn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, rà á lọ́dún 2021, ní iye tí ìròyìn pè ní nǹkan bí mílíọ̀nù 17.5 pọ́ùn. Lọ́dún 2024 ni Fulham tó padà wá rà á, owó náà sì ti ń lọ sí mílíọ̀nù 30 bí a bá ka àfikún rẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kò lè fi agbára di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú. Síbẹ̀, ọmọ tó sùn sílé wọn fún ọdún kan ni wọ́n wá fi owó gọbọi rà lọ́wọ́ aládùúgbò.

Nígbà tí à ń sọ èyí, bàbá kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá ògiri pa á lówe fún wa: "Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ó ti ṣẹ sí èmi náà lára.

Tíìmù àdúgbò wa yá díféńdà kan lọ́wọ́ tíìmù ìlú kejì. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, kò ga, kò sì yára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé, á ti di ẹ̀wù ọmọ tó ń ṣọ́ apá òsì mú ní èjìká, á fà á wọlé ní ìṣísẹ̀ méjì, á ní, "Má wo bọ́ọ̀lù, wo èèyàn!" Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ wá ní gọ́ọ̀lù, òun ló lọ yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Kò sáré. Ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dé àárín pápá, ó sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọjá. A borí lọ́jọ́ náà, 2–1. Nígbà tó ku ọ̀la ká gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n dá ọmọ àwọn padà. A kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ kejì, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, mo ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, tí kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. 3–0 ni wọ́n fi nà wá.

Rírà pátápátá

Bí owó bá wà, kò sí ohun tó dà bíi kí ohun ẹni jẹ́ tẹni. Liverpool san nǹkan bí mílíọ̀nù 75 pọ́ùn lórí Virgil van Dijk ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ariwo owó náà sì pọ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi í ṣe balógun ikọ̀ gan-an. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi dàgbà sínú ipò yẹn. Yíyá ọdún kan kò lè fún yín ní irú ìyẹn láéláé.

Ṣùgbọ́n rírà nìkan kọ́ ni àtilò. Chelsea ra Kenneth Omeruo lọ́dún 2012, ó bá Super Eagles gba ife Áfíríkà lọ́dún 2013, síbẹ̀ wọ́n ń yá a kiri Netherlands, Ẹ́ńgílándì, Tọ́kì àti Sípéènì títí Leganés fi rà á lọ́dún 2019. Kò gbá bọ́ọ̀lù líìgì kan ṣoṣo fún Chelsea. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ẹ bá ra ọmọ kan, ẹ̀yin lẹ ni owó oṣù rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ìtọ́jú orúnkún rẹ̀ bó bá ṣèṣe. Bí àpò yín kò bá lè gbé ìyẹn fún sáà méjì, ẹ má tíì rà.

Yíyá tí iye ríra ti wà nínú ìwé

Èyí ni mo fara mọ́ jù, ó sì yẹ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Milan yá Fikáyọ̀ Tomori lọ́wọ́ Chelsea, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn lè rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 28 yúrò. Ààbọ̀ sáà ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n sanwó. Lọ́dún 2022, òun wà lẹ́yìn nígbà tí Milan gba ife Serie A, líìgì tó ga jù ní Ítálì, èyí tí wọn kò gbà láti ọdún 2011.

Iye náà ti wà lórí ìwé kí ọmọ náà tó tàn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà. Bí díféńdà bá ti di aṣáájú lọ́dọ̀ yín tán, ẹ̀yin lẹ gbé owó rẹ̀ ga, ẹni tó ni ín ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀, àfi bí ẹ bá ti so iye náà mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ó fi rà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí àǹfààní náà yóò parí. Ẹ kọ ẹni tí yóò san owó oṣù àti owó ilé ìwòsàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ pé wọn kò lè pè é padà kí ìdíje tó parí. Ẹni tó bá ní "àwa àti yín náà ni, kò nílò ìwé," ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, kí ẹ sì gbé bírò fún un.

Báwo lẹ ó ṣe mọ aṣáájú?

Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ dúró sẹ́bàá ìlà níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Díféńdà tó ń pariwo lẹ́yìn tí gọ́ọ̀lù ti wọlé kò wúlò fún yín. Ẹ wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ wọ́n ní gọ́ọ̀lù: ṣé ó ń bá ọmọ tó ṣe àṣìṣe wí lójú gbogbo ayé ni, àbí ó sún mọ́ ọn? Ìfarabalẹ̀ William Troost-Ekong ti Super Eagles ní ìdíje Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2024 ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Díféńdà ni, síbẹ̀ gọ́ọ̀lù 3 ló jẹ, a pàdánù ife náà, òun sì ni wọ́n tún pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti kóòṣì wa ń lọ sí Ìkọ̀lé láti wo ọmọ kan. Mo ti tẹ ìwé àdéhùn náà, ó wà nínú báàgì mi. Ibi tí a ó kọ iye owó sí nìkan ló ṣófo.